Òkun Mọ́, Inú Ike Ìpara Ńkọ́?

  

Ẹni tó bá gba Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì kọjá láìpẹ́ yìí, tó sì dúró díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta ọṣẹ àti ìpara, á ti rí i pé òkun ti dé ọ̀dọ̀ wa. Àárín òkè àti àpáta ni àwa ń gbé. Etí òkun tó sún mọ́ wa jù wà lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ, ní ìpẹ̀kun Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Iyọ̀, edé, pańla àti iyùn ọrùn àwọn ọba ni àwọn bàbá wa mọ̀ mọ́ òkun. Nísinsìnyí, ọṣẹ ewéko òkun, èyí tí wọ́n ń pè ní sea moss, wà lórí àtẹ. Ìpara tí wọ́n kọ "marine collagen" sí lára wà níbẹ̀. Òróró ẹja wà níbẹ̀, iyọ̀ òkun tí wọ́n fi ń ha ara kò gbẹ́yìn. Àwòrán ìgbì omi ló wà lára ike wọn, owó wọn sì ga ju ti òrí àti àdín lọ fíìfíì.

Níbi tábìlì ìlera tí a máa ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ìbéèrè tí wọ́n ń bi àwa apòògùn jù lórí ọjà yìí ni pé: "Ṣé hàláàlì ni?"

Ìbéèrè tó dára ni. Ẹni tó bá bèèrè hàláàlì kó tó náwó, ìgbàgbọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ìdajì ìbéèrè ni. Nínú Súrà Al-Baqarah, ẹsẹ 168, Ọlọ́hun kò dúró sórí hàláàlì nìkan nígbà tó ń bá ọmọ ènìyàn sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ. Ó fi ohun tó dára, tó mọ́ kún un, ìyẹn tọ́yíbù. Ohun tó kan ẹnu kan awọ ara pẹ̀lú, nítorí àwọn kan nínú ohun tí a ń fi pa ara lè gba inú awọ wọ ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ti bèèrè bóyá ìpara kan hàláàlì, ká tún bèèrè bóyá ó dára. Ìbéèrè kejì yìí ni àwọn ènìyàn wa kì í bèèrè, òun ló sì ń ṣe wọ́n ní jàǹbá.

Òkun nínú ẹ̀sìn wa

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ọkàn yín balẹ̀ lórí òkun fúnra rẹ̀. Nínú Súrà Al-Mā'idah, ẹsẹ 96, Ọlọ́hun ṣe ohun tí a bá pa nínú òkun àti oúnjẹ inú rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ fún wa. Nínú Súrà An-Nahl, ẹsẹ 14, Ó rán wa létí pé Òun ló tẹ òkun lórí ba fún wa, kí a lè jẹ ẹran tútù láti inú rẹ̀, kí a sì lè mú ohun ọ̀ṣọ́ tí a ń wọ̀ jáde. Ẹ kíyè sí i pé oúnjẹ àti ọ̀ṣọ́ wà nínú ẹsẹ kan náà. Fífi ohun inú òkun ṣe ẹwà kì í ṣe àjèjì sí ẹ̀sìn.

Imam Malik, ẹni tí púpọ̀ wa nílẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé ọ̀nà rẹ̀, gba hádíìsì kan wá nínú ìwé rẹ̀, Al-Muwatta. Ọkùnrin kan tó ń rìnrìn-àjò lórí omi bi Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, bóyá àwọn lè fi omi òkun ṣe àlùwàlá, torí omi mímu tó wà lọ́wọ́ wọn kò pọ̀. Ó dá a lóhùn pé omi rẹ̀ ń fọ ènìyàn mọ́, òkú ẹran inú rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀tọ́.

Ìtàn mìíràn tún wà tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù báyìí lọ, Al-Bukhari àti Muslim ló gbà á wá. Abu Ubaydah kó ọ̀ọ́dúnrún ọmọ ogun lọ sí etí òkun. Oúnjẹ tán lọ́wọ́ wọn débi pé dàbínù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pín. Òkun wá gbé ẹja ńlá kan jáde fún wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní al-anbar. Ìdajì oṣù ni wọ́n fi jẹ ẹ́, wọ́n sì ń fi ọ̀rá rẹ̀ pa ara títí ara wọn fi bọ̀ sípò. Nígbà tí wọ́n dé Mẹdínà, Ànábì sọ fún wọn pé ìpèsè láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun ni, ó sì bèèrè bóyá díẹ̀ ṣẹ́kù kí òun náà jẹ níbẹ̀. Ẹ ò rí i pé àwọn sàhábà ti fi ọ̀rá ẹran òkun para kí ilé iṣẹ́ ìpara kankan tó wà láyé.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ òkun ti yanjú. Kí ẹnikẹ́ni má fi hàráàmù dẹ́rù ba ìyá tó ra ọṣẹ ewéko òkun.

Ohun tí wọ́n ń rí nínú òkun, àti iṣẹ́ tó ń ṣe

Ọ̀pọ̀ yín ni ohun inú òkun ti wà nílé yín tipẹ́ láìmọ̀. Bí ẹ bá ka ẹ̀yìn ọṣẹ ìfọyín, ẹ lè rí ọ̀rọ̀ náà carrageenan níbẹ̀. Ohun kan tó ń yọ̀ bí ilá ni, ara ewéko òkun pupa ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Òun ló ń jẹ́ kí ọṣẹ ìfọyín ki, kó má ṣàn bí omi. Ní Zanzibar, erékùṣù kan tó jẹ́ ti Tanzania, tí Mùsùlùmí pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn obìnrin ti ń gbin irú ewéko yìí láti ìparí àwọn ọdún 1980. Orí okùn tí wọ́n ta sínú òkun tí kò jìn ni wọ́n ń gbìn ín sí. Wọ́n ń sá a, wọ́n ń tà á fún àwọn oníṣòwò òkèèrè, àwọn kan nínú wọn sì ti ń fi ṣe ọṣẹ àti ìpara fúnra wọn. Ewéko yìí máa ń fa omi mọ́ra, ó sì máa ń dá omi dúró lórí awọ. Nígbà ọyẹ́, ó lè ran ara gbígbẹ lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ lórí awọ nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan kì í fi sea moss para nìkan, wọ́n ń mu ún. Èròjà àyódíìnì pọ̀ nínú àwọn ewéko òkun kan. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ló ń dènà gẹ̀gẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi í sínú iyọ̀ ọbẹ̀. Bó bá ti pọ̀ jù, ó lè da ẹṣẹ́ inú ọ̀fun rú. Aboyún àti ẹni tó ti ní àìsàn ọ̀fun tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó mu ún.

Collagen ni èròjà tó di awọ ara wa mú tí kò fi rọ̀ jọwọlọ. Wọ́n ń yọ ọ́ lára awọ àti ìpẹ́ ẹja, wọ́n ń yọ ọ́ lára màlúù, wọ́n sì ń yọ ọ́ lára ẹlẹ́dẹ̀. Níbí yìí ni ìbéèrè hàláàlì ti bọ́ sípò gan-an. Bí wọ́n bá kọ ẹja tàbí marine sí i, ti òkun ni. Bó bá jẹ́ collagen nìkan ni wọ́n kọ, tí wọn ò sọ ẹran tó ti wá, ẹ bèèrè, bí ẹ ò bá sì rí ìdáhùn, ẹ fi sílẹ̀ lórí àtẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ nípa agbára rẹ̀. Collagen inú ìpara tóbi ju ohun tó lè wọ ìsàlẹ̀ awọ lọ. Òkè ló ń dúró sí, tó ń dá omi dúró níbẹ̀. Ó lè mú awọ rọ̀, kò lè sọ ìyá àgbà di ọmọge.

Láyé àtijọ́, àwọn apòògùn máa ń lo ìda funfun kan tó ń wá láti orí ẹja àbùùbùtán fún ìpara. Ní 1817, onímọ̀ ará Faransé kan, Michel Chevreul, yọ ohun tí a mọ̀ lónìí sí cetyl alcohol jáde láti inú ìda yẹn. Láti 1986 ni àjọ àgbáyé tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ àbùùbùtán ti fòfin de pípa á fún òwò. Lónìí, ara òróró ọ̀pẹ ni wọ́n ti sábà máa ń ṣe cetyl alcohol tí ẹ ń rí lára ike ìpara. Orúkọ náà ń ba àwọn Mùsùlùmí lẹ́rù. Kì í ṣe ọtí o, kì í pani, ọ̀rá tó le bí ìda ni. Kí ẹnikẹ́ni má torí orúkọ yẹn da ìpara rere nù.

Ó ku àwọn mìíràn tí a ó yára mẹ́nu kàn. Òróró ẹ̀dọ̀ ẹja ekurá ní squalene, tó ń mú ara rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń rí irú rẹ̀ lára èso ólífì àti ìrèké, èyí sì dára ju pípa ẹja tí kì í tètè bímọ run lọ. Èépá edé àti ti akàn ni wọ́n fi ń ṣe chitosan, kí ẹni tí edé ń bá jà ṣọ́ra fún un. Nǹkan dídán tó wà lára ìpẹ́ ẹja ni wọ́n fi ń mú kí àwọn ọ̀dà èékánná kan máa kọ mànà. Ẹja jẹ́ ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dà náà kì í jẹ́ kí omi kan èékánná. Ẹni tó bá kùn ún gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ kúrò kó tó ṣe àlùwàlá tàbí ìwẹ̀ jánábà. Èyí nìkan ti tó láti fi hàn wá pé èròjà lè jẹ́ ẹ̀tọ́, kí ìlò rẹ̀ sì ní ìṣòro.

Ẹ ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ òkìtì

Ìtàn kan wà nínú hádíìsì tí Muslim gbà wá, tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ná Ọjà Ọba mọ̀. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ń kọjá lọ́jà, ó rí òkìtì oúnjẹ tí wọ́n ń tà, ó sì ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Òkè gbẹ, ìsàlẹ̀ tutù. Ó bi ọlọ́jà léèrè, onítọ̀hún ní òjò ló pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò kó èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì sọ gbangba pé ẹni tó bá ń yan ènìyàn jẹ kì í ṣe ara òun.

Ohun tó wà lókè òkìtì yẹn kì í ṣe irọ́. Oúnjẹ gbígbẹ ni lóòótọ́. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni púpọ̀ nínú ìpara "ti òkun" tí a ń rí. Ewéko òkun lè wà nínú rẹ̀ ní tòótọ́, collagen ẹja lè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu àwa tí a kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀: kò sí ewéko òkun, kò sí òróró ẹja, kò sí iyọ̀ tó lè sọ adúláwọ̀ di apọ́nbéporẹ́ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ìpara kan bá ṣe bẹ́ẹ̀, nǹkan mìíràn ló ṣe é. Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń jẹ́.

Àkọ́kọ́ ni mẹ́kúrì, irin olómi tó ń dán bíi fàdákà, tó máa ń wà nínú gíláàsì tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara láyé àtijọ́. Iyọ̀ tí wọ́n fi í ṣe kì í jẹ́ kí awọ pèsè dúdú rẹ̀ mọ́. Ó ń gba inú awọ wọlé, kíndìnrín ló sì ń bà jẹ́ jù. Ní 1972, àwọn dókítà ní Nairobi, ní Kẹ́ńyà, kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tí ara wọn wú nítorí pé kíndìnrín wọn ti ń jò. Púpọ̀ nínú wọn ló ń lo ìpara amáwọ̀-funfun tó ní mẹ́kúrì nínú.

Òkun fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí sí májèlé yìí. Ní 1956, ní ìlú Minamata tó wà létí òkun ní Jàpáànù, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọmọdé àti àgbà tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ kò gbé wọn mọ́, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ wọn lẹ́nu. Ẹja ni gbogbo wọn ń jẹ. Ilé iṣẹ́ kan ló ń da omi ẹlẹ́gbin tó ní mẹ́kúrì sínú òkun wọn. Ẹja gbé e mì, ènìyàn jẹ ẹja. Irú mẹ́kúrì tó wà nínú ẹja yẹn yàtọ̀ díẹ̀ sí ti inú ìpara: ọpọlọ ni ti ẹja ń bá jà jù, kíndìnrín ni ti ìpara. Ṣùgbọ́n májèlé ni méjèèjì. Orúkọ ìlú yẹn ni wọ́n fi pe àdéhùn àgbáyé lórí mẹ́kúrì, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2013, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017, tí Nàìjíríà sì dara pọ̀ mọ́ ní 2018. Ní 2023, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ fẹnu kò pé kí gbogbo ìpara tí wọ́n fi mẹ́kúrì sí kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2025. Òkun kò ṣẹ ará Minamata, ọwọ́ ènìyàn ló da májèlé sí i. Ọwọ́ ènìyàn náà ló ń da á sínú ike lónìí, tí wọ́n tún ń ya òkun sára rẹ̀.

Èkejì ni hydroquinone. Ó ń mú awọ funfun níbẹ̀rẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó lè mú àmì dúdú tó ń pọ́n bí aró yọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, àmì yìí kì í sì í fẹ́ lọ mọ́. Àwọn dókítà South Africa ti kọ̀wé nípa rẹ̀ láti 1975, ìjọba ibẹ̀ sì fòfin dè é nínú ìpara ní 1990. Ẹni tó sá fún dúdú, dúdú tó burú jù ló sá bá.

Ẹ̀kẹta ni àwọn oògùn steroid, bíi clobetasol àti betamethasone. Oògùn gidi ni wọ́n, àwa fúnra wa ń tà wọ́n fún ẹni tí dókítà bá kọ ọ́ fún, fún àìsàn awọ, fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó bá ń fi wọ́n para lójoojúmọ́, awọ rẹ̀ á fẹ́lẹ́ bí ìwé. Ara á là, làpálàpá á gba gbogbo ara, ìfúnpá á lè ga, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á lè gòkè. Bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ojú ọgbẹ́ kì í fẹ́ jinná. Ẹ bi àwọn agbẹ̀bí léèrè nípa obìnrin tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ bí ọmọ fún, tí awọ ikùn rẹ̀ kò gba òwú mọ́.

Ọmọ tuntun kò mọ ohun tí wọ́n ń fi pa òun

Èyí tó dùn wá jù ni ti àwọn ọmọ. Ìpara àpòpọ̀ fún ìkókó ti wà lọ́jà báyìí, wọ́n á ní láti inú òkun ni, wọ́n á ní ó jẹ́ àdáyébá, wọ́n á ní kì í jẹ́ kí àwọ̀ ọmọ "padà". Àwọn ìyá wa mọ̀ pé etí ọmọ ni wọ́n ń wò láti mọ àwọ̀ tí yóò ní bó bá dàgbà. Bí dúdú bá ti wà ní etí etí, dúdú ni ọmọ. Àwọ̀ tí Ọlọ́hun fún un ló ń bọ̀ wá bá a, kì í ṣe àìsàn.

Awọ ìkókó fẹ́lẹ́, ó sì pọ̀ ju ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ, nítorí náà ohun tí a bá fi pa á ń wọ ara rẹ̀ ju ti àgbàlagbà lọ. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ ìyá nìkan ló ń lo ìpara mẹ́kúrì, ọmọ náà kò bọ́. Mẹ́kúrì ń wà lára tówẹ́ẹ̀lì àti aṣọ ìbùsùn, ó ń bá atẹ́gùn inú yàrá lọ, ó sì ń gba inú ẹ̀jẹ̀ aboyún dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, orí ọmọ ti ń wọ́, àgbà sì pọ̀ lọ́jà. Òrí tó mọ́ tó fún ìkókó. Bí ara rẹ̀ bá sú, ilé ìwòsàn ni ká gbé e lọ, kì í ṣe ìsọ̀ ìpara.

Ta ló ń yin pupa?

Kò tọ́ ká di gbogbo ẹ̀bi ru obìnrin. Ìwé kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2011 sọ pé obìnrin 77 nínú 100 ní Nàìjíríà ló ń lo ìpara tó ń bó àwọ̀. Bí iye náà bá tilẹ̀ kéré sí èyí ní àdúgbò tiwa, ẹ wo ojú àwọn ènìyàn lọ́jà, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọlé. Ta ló kọ́ wọn? Ọkùnrin tó ń wá ìyàwó tó ní pupa lòun fẹ́. Ìyá ọkọ tó ń yin ọmọ tó pọ́n ju àbúrò rẹ̀ lọ níṣojú àwọn méjèèjì. Àwa tí a ń sọ pé "ó ti pọ́n, ó ti dára" nígbà tí ẹnìkan bá ti ìrìn àjò dé. Nínú Súrà Ar-Rūm, ẹsẹ 22, Ọlọ́hun ka ìyàtọ̀ èdè àti àwọ̀ wa mọ́ àwọn àmì Rẹ̀ fún àwọn tó nímọ̀. Yorùbá fúnra wọn ní orúkọ ìyìn fún un, wọ́n ń pè é ní adúmáadán. Bí ọkọ bá ń pe ìyàwó rẹ̀ bẹ́ẹ̀ látọkàn wá, oníṣòwò ìpara kan á pàdánù oníbàárà kan.

Àwọn tó ń tà á ńkọ́? Ìyá wa àti àbúrò wa ni wọ́n. Wọ́n ń sọ fún wa pé ohun tí àwọn oníbàárà ń bèèrè làwọn ń tà, pé bí àwọn ò bá tà á, ìsọ̀ kejì á tà á. A gbọ́ wọn. A sì mọ̀ pé púpọ̀ nínú wọn kò mọ ohun tó wà nínú ike tí wọ́n rà lọ́wọ́ alágbàtà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń po ìpara lẹ́yìn ìsọ̀, tó ń fọ́n oògùn steroid sínú rẹ̀, tó wá lẹ orúkọ òkun mọ́ ọn, onítọ̀hún mọ̀. Òun ló kó oúnjẹ gbígbẹ borí èyí tó tutù. Owó tó bá ti ibẹ̀ wá, kó ronú kó tó fi ṣe sàárà.

Ohun tí a lè ṣe

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí ẹ tó sanwó fún ìpara kankan lọ́jà, yálà ti òkun ni tàbí ti ilẹ̀, ẹ ṣe nǹkan wọ̀nyí.

1. Ẹ ka ara ike. Orúkọ ilé iṣẹ́ àti àdírẹ́sì rẹ̀, èròjà inú rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ àti nọ́ńbà NAFDAC gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, NAFDAC ní àkójọ ọjà tí wọ́n ń pè ní Greenbook. Ẹ ní kí àwọn ọmọ yín bá yín wo nọ́ńbà náà bóyá òótọ́ ni.

2. Ẹ fi í sílẹ̀ bí ẹ bá rí mercury, calomel, mercurous chloride, ammoniated mercury tàbí mercuric iodide. Bákan náà bí wọ́n bá kọ ọ́ sí i pé kó má kan wúrà, fàdákà, rọ́bà tàbí alumíníọ̀mù: àmì mẹ́kúrì nìyẹn. Ẹ tún fi í sílẹ̀ bí ẹ bá rí hydroquinone, clobetasol tàbí betamethasone, àfi bí dókítà bá kọ ọ́ fún yín.

3. Ẹ má ra ìpara tí wọ́n bù sínú ike tí kò ní àkọlé, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á jẹ́ ọ̀rẹ́ tàbí ìbátan tó.

4. Bó bá jẹ́ ti òkun lóòótọ́, tí ẹ sì fẹ́ lò ó, ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa inú ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ dúró fún ọjọ́ méjì. Bí ẹja tàbí edé bá ń bá ẹnikẹ́ni jà nílé, kó má lò ó rárá.

5. Ẹni tó ti ń lo ìpara steroid fún ìgbà pípẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, torí ara lè dojú rú. Kó lọ sí ilé ìwòsàn, irú bíi ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì níbí ní Adó, kí wọ́n bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀. Kó mú ike náà dání. Bó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ tàbí bímọ, kó sọ fún wọn. Kí onítọ̀hún má tijú, kí àwa náà má sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn.

6. Ẹ má sun ike ìpara tí ẹ fura pé mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀, torí èéfín rẹ̀ léwu. Ẹ má dà á sínú odò Ùrèjé. Ohun tí a bá dà sómi lónìí lè padà wá bá wa nínú ẹja, bó ti bá àwọn ará Minamata. Ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì, kí ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC.

Ó ku ohun tí gbogbo wa lè ṣe pọ̀ gẹ́gẹ́ bí jámáà. Ọṣẹ àti ìpara ti di ohun tí wọ́n ń pín níbi wòlímọ̀ àti ìsọmọlórúkọ. A bẹ àwọn ẹbí: ẹ má pín ìpara tí kò ní àkọlé fún àlejò. A bẹ àwọn Lèmọ́mù àti àwọn aṣáájú Àsáláátù: kí ẹ má gba kí ẹnikẹ́ni polówó ìpara nínú mọ́sálásí kí apòògùn kan tó yẹ̀ ẹ́ wò. A sì bẹ àwọn Mùsùlùmí tó ń ta ìpara ní Ọjà Ọba: ẹ kó ohun tó wà nísàlẹ̀ sókè kí àwọn ènìyàn rí i. Ẹ jẹ́ kí a mọ ìsọ̀ yín mọ́ ìpara tó ní àkọlé àti nọ́ńbà. Ọjà irú bẹ́ẹ̀ kì í kùtà, ó sì ní alùbáríkà, ìyẹn ìbùkún Ọlọ́hun.

Òkun tí Ọlọ́hun dá mọ́. Kí Ó jẹ́ kí ọwọ́ àwa tí a ń mú ohun inú rẹ̀ dé ọjà mọ́ pẹ̀lú. Kí Ó wo gbogbo ẹni tí ìpara ti bà lára jẹ́ sàn, kí Ó sì ṣọ́ àwọn ọmọ wa. Àmín.